Ipò Ni Wọ́n Gbà, Wọn Ò Rí Ìmọ̀ Gbà: Ìtàn Taslim Elias, Ọmọ Èkó Tó Di Olórí Ilé-Ẹjọ́ Àgbáyé

 

Ní ìpàdé wa kan, lẹ́yìn tí a ti ka owó àjọ tán, ọ̀kan nínú wa dìde. Ó ní: “Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti wó ìsọ̀ mi. Lákọ̀ọ́kọ́, mo sunkún. Lẹ́ẹ̀kejì, omijé ò tilẹ̀ jáde mọ́. Ohun tí mo fẹ́ bi yín ni pé, kí ni èèyàn lè ní láyé yìí tí katapílà ò lè wó?” Gbogbo wa dákẹ́. Ẹ kúkú mọ̀ pé kì í ṣe òun nìkan ló ṣẹlẹ̀ sí. Ìyá àgbà kan tó ń ta aṣọ òkè ló dá a lóhùn níkẹyìn, ó ní: “Ọmọ mi, ohun tó wà lórí ẹ, kò sí ẹni tó lè wó o.” Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan ṣe àmín, a sì tú ká.

Àwa tí ẹ yàn pé ká máa kọ ìwé yìí mú ọ̀rọ̀ náà lọ sílé. Ọ̀rọ̀ àgbà ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí kò ní àpẹẹrẹ, ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ ni. A wá ẹni tí a lè tọ́ka sí, ẹni tí wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ lójú gbogbo ayé, tó sì tún dìde. Ọmọ Èkó kan ni a rí: Taslim Ọláwálé Elias, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ òfin, olórí ẹ̀ka òfin ní Yunifásítì Èkó, adájọ́ àgbà pátápátá fún Nàìjíríà, àti ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó jẹ́ olórí Ilé-Ẹjọ́ Àgbáyé.

A mọ̀ pé àwọn kan nínú wa á ní, “Kí ló kàn wá pẹ̀lú adájọ́? Ẹni tí kò bá jalè, kí ló fẹ́ fi kóòtù ṣe?” Ẹ ní sùúrù díẹ̀. Kí ẹ tó kà á tán, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí a fi ń kọ́ ṣọ́ọ̀bù, ọ̀rọ̀ àdéhùn, ọ̀rọ̀ ẹjọ́ tí Ìyálọ́jà ń dá láàárín wa, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ìtàn ọkùnrin yìí.

AKỌ̀WÉ RÉLÙWÉÈ

Èkó ni wọ́n ti bí i, ní ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá ọdún 1914. Ọdún yẹn gan-an ni Lugard so Àríwá àti Gúúsù pọ̀, tó sọ wọ́n di Nàìjíríà kan ṣoṣo. Elias lọ sí C.M.S. Grammar School, ó sì lọ sí Igbóbì Kọ́lẹ́ẹ̀jì. Nígbà tó jáde, iṣẹ́ akọ̀wé ló ń ṣe. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń yẹ ìwé owó ìjọba wò ló kọ́kọ́ wà, lẹ́yìn náà ó bọ́ sí Rélùwéè, níbi tí wọ́n ti ń ṣírò owó. Ọdún mẹ́sàn-án ló lò níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ síbi ọdún mẹ́sàn-án yìí. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tó bá rí iṣẹ́ Rélùwéè, wọ́n á ní ó ti débi ire. Owó oṣù ń wọlé, àwọn aládùúgbò ń kí i ní “akọ̀wé”. Ọ̀pọ̀ ló jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, kò sì sóhun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Elias ní ohun mìíràn lọ́kàn. Kò sí yunifásítì kankan ní Nàìjíríà nígbà náà; ti Ìbàdàn, ọdún 1948 ni wọ́n tó dá a sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ oyè tí kò sì lówó àtilọ sílùú òyìnbó, ńṣe ni yóò forúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú Yunifásítì London láti ilé, yóò máa ka ìwé fúnra rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, yóò sì lọ jókòó ṣe ìdánwò. Bẹ́ẹ̀ ni Elias ṣe. Ó yege nínú ìdánwò ìpele àkọ́kọ́ fún oyè B.A., ó tún yege nínú ti òfin, kó tó fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ òyìnbó.

Àwọn ọdún yẹn náà ni Alímọ̀tù Pelewura, olórí àwọn ìyá ọlọ́jà Èkó, ń bá ìjọba òyìnbó fà á lórí owó orí obìnrin, àti lórí iye tí ọ̀gbẹ́ni Pullen ní kí wọ́n máa ta oúnjẹ lákòókò ogun Hitler. Ìlú kan náà, àkókò kan náà. Àwọn ìyá wa ń jà fún ẹ̀tọ́ wọn ní gbangba, akọ̀wé kan sì ń ka ìwé òfin.

LONDON, ÀTI ÌWÉ TÓ KỌ NÍPA ILẸ̀

Ní ọdún 1944, nígbà tí ogun ò tíì parí, Elias kọjá sí London, ó wọ University College. Kì í ṣe ọmọdé mọ́. Ó ti ń súnmọ́ ọgbọ̀n ọdún. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti sá eré ní òkùnkùn, bó bá rí ojú ọ̀nà, ẹ ò ní lé e bá. Ó gba B.A. lọ́dún náà, ó gba oyè àkọ́kọ́ nínú òfin ní 1946, ó di lọ́yà ní 1947, ó gba oyè kejì lọ́dún kan náà, nígbà tó sì di 1949 ó di ọ̀mọ̀wé nínú òfin.

Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn, ní 1951, ó gbé ìwé kan jáde tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Nigerian Land Law and Custom ni orúkọ rẹ̀. Òfin àti àṣà ilẹ̀ Nàìjíríà ni ó dá lé lórí. Ní 1956 ó tún kọ òmíràn, The Nature of African Customary Law, níbi tó ti ṣàlàyé irú ohun tí òfin àwa aláwọ̀ dúdú jẹ́.

Kí ni ìdí tí ìwé méjèèjì fi ṣe pàtàkì? Nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ òyìnbó tó ń kọ̀wé nípa wa ló rò pé a ò ní òfin. Wọ́n ní àṣà lásán la ní, pé ẹ̀rù òrìṣà ló ń mú wa ṣe dáadáa, pé àwọn ló kó òfin wá bá wa. Elias jókòó sáàárín wọn, ó fi èdè wọn àti ọ̀nà ìwádìí wọn dá wọn lóhùn. Ó ní òfin ni òfin ń jẹ́, ìbáà wà nínú ìwé, ìbáà wà lẹ́nu àgbà. Ó ṣàlàyé pé àwọn baba wa mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀ṣẹ̀ tí a ṣẹ ìlú àti ìyà tí a fi jẹ ẹnì kan, pé wọ́n ń gbọ́ ẹjọ́, wọ́n ń pe ẹlẹ́rìí, wọ́n ń dá ẹ̀bi àti àre.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ rò ó wò. Bí ẹni méjì nínú wa bá ń jà lórí ààlà ìsọ̀, tí Ìyálọ́jà pè wọ́n, tó gbọ́ tẹnu ẹnì kìíní, tó gbọ́ tẹnu ẹnì kejì, tó bi àwọn tó wà níbẹ̀, tó wá sọ ẹni tó jẹ̀bi, tó sì parí ìjà kí wọ́n lè máa jókòó ti ara wọn lọ, ṣé eré nìyẹn? Ohun tí Elias fi ìwé rẹ̀ jà fún nìyẹn. Irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ní ìpìlẹ̀, ó ní ìlànà, ó sì yẹ fún ọ̀wọ̀.

OHUN TÓ YẸ KÍ ẸNI TÓ FẸ́ RA ILẸ̀ MỌ̀

Níbi ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti ń fara gbọta. Ọ̀kan nínú wa fi owó àjọ rẹ̀ ra ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ ọmọ ẹbí kan ṣoṣo. Ọmọ náà fún un ní rìsíìtì, wọ́n jọ mu mínírà, ọ̀rọ̀ ṣe bí ẹni pé ó tán. Lọ́dún kejì, olórí ẹbí dé, ó ní òun ò mọ̀ nípa rẹ̀. Owó wọgbó, òògùn ojú ọdún púpọ̀ dòfo.

Òfin àṣà wa, èyí tí àwọn kóòtù wa ń lò títí dòní, ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn tipẹ́. Ilẹ̀ ẹbí kì í ṣe ti ẹnì kan. Bí ọmọ ẹbí kan bá tà á láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, òfo ni títà yẹn, kò tà á rárá. Bí olórí ẹbí bá dá a tà láìjẹ́ pé àwọn àgbà ẹbí fọwọ́ sí i, títà yẹn ṣì lè dúró, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ẹbí lè lọ sí kóòtù kí kóòtù tú u ká. Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ tí a rà lọ́nà ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ohun mẹ́ta: owó tí a san, ilẹ̀ tí wọ́n mú wa dé tí wọ́n sì fi lé wa lọ́wọ́, àti ẹlẹ́rìí tí ojú wọn tó o.

Nítorí náà, ẹ má fi ojú rere ọmọ onílẹ̀ ra ilẹ̀. Ẹ béèrè olórí ẹbí, ẹ béèrè àwọn àgbà ẹbí, kí gbogbo wọn fọwọ́ síwèé. Ẹ mú ẹlẹ́rìí tiyín náà dání. Ẹ sì rántí pé láti ọdún 1978 ni òfin Land Use Act ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sábẹ́ gómìnà, nítorí náà ìwé ìjọba ṣe pàtàkì pẹ̀lú ti ẹbí. Owó tí ẹ máa fún lọ́yà tó máa yẹ ìwé wò kò tó owó ilẹ̀ tó máa bọ́ sọ́nù.

LÁTI Ọ̀JỌ̀GBỌ́N SÍ ILÉ ÌJỌBA

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Elias. Ó ṣe iṣẹ́ ìwádìí àti ìkọ́ni ní Manchester, ó ṣe é ní Oxford, ní 1956 ó lọ kọ́ni ní yunifásítì Delhi ní ilẹ̀ Íńdíà. Ní 1958 ó wà lára àwọn tó jókòó ní London nígbà tí wọ́n ń ṣètò òfin ìpìlẹ̀ tí Nàìjíríà máa lò tó bá gba òmìnira. Nígbà tí òmìnira dé ní 1960, wọ́n pè é wálé kó wá di agbẹjọ́rò àgbà fún ìjọba àti mínísítà fún ètò ìdájọ́.

Orúkọ rẹ̀ kọjá odò. Nígbà tí ìjà ń tú ilẹ̀ Kóńgò ká, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi í ṣe olórí àwọn amòfin tó bá wọn kọ òfin ìpìlẹ̀. Ní 1963, nígbà tí àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà pàdé ní Addis Ababa láti dá àjọ O.A.U. sílẹ̀, ó wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí ìwé àdéhùn àjọ náà.

Ẹni tó jẹ́ akọ̀wé Rélùwéè ní 1944 ni o. Láàárín ogún ọdún.

ÌGBÀ ÀKỌ́KỌ́ TÍ WỌ́N GBA ÀGA

Ní oṣù kìíní ọdún 1966, àwọn ológun gbàjọba. Elias bọ́ sílẹ̀ lórí àga mínísítà. Ẹni tí gbogbo ayé mọ̀, ìjọba ò nílò rẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin tí wọ́n ti wó ìsọ̀ yín rí, ẹ mọ bó ṣe ń rí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì: ẹ jí, ẹ ò mọ ibi tí ẹ máa dorí kọ.

Kí ni Elias ní tí wọn ò lè gbà? Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni. Lọ́dún 1966 yẹn náà ló di ọ̀jọ̀gbọ́n àti olórí ẹ̀ka ìmọ̀ òfin ní Yunifásítì Èkó, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1962. Olórí ẹ̀ka kì í ṣe olùkọ́ nìkan. Òun ló ń darí àwọn olùkọ́, òun ló ń mójú tó ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, òun ló ń rí i pé ẹni tó bá jáde níbẹ̀ yẹ lẹ́ni tó ń dúró níwájú adájọ́. Ó wà lórí iṣẹ́ yẹn títí di 1972.

Nígbà tó di oṣù kọkànlá ọdún 1966, ìjọba ológun tó dé lẹ́yìn, ti Gowon, tún pè é padà sí iṣẹ́ agbẹjọ́rò àgbà. Ó gbà, ṣùgbọ́n kò fi yunifásítì sílẹ̀. Ó ń ṣe méjèèjì pọ̀, bí ìyá tó gbọ́mọ pọ̀n tó tún ń wọn gàrí.

A ò ní fi ohunkóhun pamọ́ fún yín. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti le díẹ̀. Ní 1970, kóòtù tó ga jù lọ ní Nàìjíríà dá ẹjọ́ kan, ẹjọ́ Lakanmi, ó ní ìjọba ológun ò lágbára láti fi òfin gba dúkìá ẹnì kan bí ẹni pé òun ni kóòtù. Kò pé oṣù kan, ìjọba gbé òfin mìíràn jáde, Decree 28, ó ní ìdájọ́ yẹn ò múlẹ̀, pé òfin ológun ló ga ju ti kóòtù lọ. Elias ló wà ní ipò agbẹjọ́rò àgbà nígbà náà. Àwọn kan ń sọ pé ẹni tó wà nínú ilé ló lè tún ilé ṣe, àwọn kan sì ń sọ pé amòfin kò yẹ kó jókòó ti ẹni tó ń tẹ kóòtù mọ́lẹ̀. Àwa ò dájọ́. Ohun tí a mọ̀ ni pé ìjọba tó bá lè fojú di ìdájọ́ kóòtù lónìí, lọ́jọ́ mìíràn ó lè lé adájọ́ fúnra rẹ̀. Ẹ máa bá wa bọ̀.

ÌGBÀ KEJÌ

Kó tó dìgbà yẹn, iṣẹ́ ńlá méjì wà tí ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́. Ní 1968 àti 1969, àwọn orílẹ̀-èdè pàdé ní Vienna láti ṣe òfin lórí bí orílẹ̀-èdè kan ṣe ń bá òmíràn ṣe àdéhùn. Elias ló jẹ́ alága ìgbìmọ̀ tó gbé gbogbo iṣẹ́ náà. Gbòǹgbò òfin yẹn, ẹ mọ̀ ọ́n nínú ọjà: ẹni tó bá bá ọ ṣe àdéhùn, kó mú un ṣẹ, àdéhùn tí wọ́n fi ipá tàbí ẹ̀tàn gbà lọ́wọ́ ẹni, kò gbọ́dọ̀ dúró.

Èkejì ni ti Nàmíbíà. Ìjọba South Africa, ti àwọn aláwọ̀ funfun tó ń ya èèyàn sọ́tọ̀, jókòó lórí ilẹ̀ Nàmíbíà, kò fẹ́ kúrò. Ọ̀rọ̀ dé Ilé-Ẹjọ́ Àgbáyé ní The Hague, Elias sì bá àjọ O.A.U. sọ̀rọ̀ níwájú àwọn adájọ́. Ní oṣù kẹfà ọdún 1971, ilé-ẹjọ́ sọ pé South Africa ò lẹ́tọ̀ọ́ láti wà níbẹ̀, kó kúrò. Kò kúrò kíá. Ọdún 1990 ni Nàmíbíà tó gba òmìnira, Elias sì wà láàyè, ó fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Ní 1972, nígbà tí Adájọ́ Adétòkunbọ̀ Adémọ́lá fẹ̀yìn tì, Elias bọ́ sórí àga rẹ̀, ó di adájọ́ àgbà pátápátá fún Nàìjíríà. Kò sí àga adájọ́ tó ju ìyẹn lọ nílẹ̀ yìí.

Ní oṣù keje ọdún 1975, àwọn ológun tún gbàjọba lọ́wọ́ àwọn ológun. Murtala Muhammed dé. Lọ́dún yẹn kan náà, wọ́n yọ adájọ́ àgbà kúrò lórí àga. Ẹni tó ti pé ọgọ́ta ọdún, tó ti sin ìjọba lábẹ́ olóṣèlú àti lábẹ́ ológun, wọ́n ní kó máa lọ sílé. Ṣọ́ọ̀bù kejì nìyẹn tí katapílà máa wó.

Ká ní ipò nìkan ni ọkùnrin yìí ní ni, ìtàn rẹ̀ ì bá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ti ka ìwé rẹ̀, àwọn tó bá a jókòó ní Vienna, àwọn tó gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí Nàmíbíà, wọ́n wà káàkiri ayé. Kí ọdún 1975 tó parí, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dìbò, wọ́n sì yan Taslim Elias sí Ilé-Ẹjọ́ Àgbáyé. Ilé lé e, òde gbà á.

ADÁJỌ́ ÀWỌN ORÍLẸ̀-ÈDÈ

Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé ilé-ẹjọ́ yìí díẹ̀. The Hague ní ilẹ̀ Netherlands ló wà. Adájọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ń jókòó níbẹ̀, ọdún mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án ni wọ́n ń yàn wọ́n fún. Kì í ṣe ẹjọ́ olè ni wọ́n ń dá. Bí orílẹ̀-èdè bá ń bá orílẹ̀-èdè jà lórí ààlà ilẹ̀, lórí omi, lórí àdéhùn, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ. Ẹ pè é ní Ìyálọ́jà àgbáyé, ẹ ò jìnnà sí òótọ́.

Elias débẹ̀ ní 1976. Ní 1979 ó di igbákejì olórí. Ní 1981, olórí ilé-ẹjọ́ náà, Humphrey Waldock, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kú, Elias sì ń ṣe adelé. Ní 1982 àwọn adájọ́ yàn án ní olórí gan-an. Ọmọ Áfíríkà kankan ò tíì dé ipò yẹn rí.

Abẹ́ rẹ̀ ni ẹjọ́ Nikarágúà dé ní 1984. Nikarágúà jẹ́ orílẹ̀-èdè kékeré tó tòṣì ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ó pe Amẹ́ríkà ńlá lẹ́jọ́, ó ní wọ́n ń ri bọ́ǹbù sínú omi èbúté òun, wọ́n sì ń ran àwọn ọlọ̀tẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń retí ọjà láti èbúté, ẹ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: ọkọ̀ ò wọlé, ẹrù ò jáde. Ní ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún ọdún 1984, ilé-ẹjọ́ tí Elias jẹ́ olórí rẹ̀ pàṣẹ pé kí Amẹ́ríkà dáwọ́ ìdínà èbúté náà dúró. Gbogbo adájọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló fohùn ṣọ̀kan lórí ìyẹn, títí kan adájọ́ tó jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà.

Inú Amẹ́ríkà ò dùn, ní 1985 ó ní òun ò bá wọn ṣe ẹjọ́ náà mọ́. Ní 1986 ilé-ẹjọ́ dá a lẹ́bi, ó sì kọ̀, kò san nǹkan kan. Ilé-Ẹjọ́ Àgbáyé ò ní ọlọ́pàá tó lè lọ gbá alágbára mú. Ṣùgbọ́n a kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ kékeré fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí kóòtù, ó pe òmìrán lẹ́jọ́, ó sì jàre, ọmọ Èkó sì wà lára àwọn adájọ́ tó dá a láre.

Elias parí sáà rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olórí ní 1985, ó sì ń bá iṣẹ́ adájọ́ lọ níbẹ̀ títí ọlọ́jọ́ fi dé ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 1991. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni nígbà tó kú. Ọmọ Yorùbá mìíràn ni wọ́n yàn dípò rẹ̀: Ọmọọba Bọ́lá Ajíbọ́lá, ọmọ Abẹ́òkúta, tí òun náà ti jẹ́ agbẹjọ́rò àgbà ìjọba. Ó lò ó títí di 1994. Nígbà tí Ajíbọ́lá padà sílé, yunifásítì ló dá sílẹ̀, Crescent University ní Abẹ́òkúta, ní 2005. Òun náà ti lọ báyìí, ní 2023, ṣùgbọ́n yunifásítì rẹ̀ wà.

ÀWỌN OBÌNRIN ŃKỌ́?

A mọ̀ pé ẹ máa bi wá. Ọ̀nà yẹn kì í ṣe ti ọkùnrin nìkan. Jadéṣọlá Akándé, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú òfin, di olórí yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkó, LASU, ní 1989. Àga adájọ́ àgbà pátápátá tí wọ́n yọ Elias lórí rẹ̀, Aloma Mariam Mukhtar jókòó sórí rẹ̀ ní 2012, obìnrin àkọ́kọ́ nìyẹn. Ní 2024, obìnrin mìíràn tún jókòó síbẹ̀, Kudirat Kékeré-Ẹkún. Ní Ilé-Ẹjọ́ Àgbáyé náà, Julia Sebutinde láti Uganda ti wọlé láti 2012, obìnrin àkọ́kọ́ láti Áfíríkà. Ọmọbìnrin tó ń bá ọ palẹ̀ ọjà mọ́ nírọ̀lẹ́, má fojú kéré ìwé tó gbé dání.

ÌDÁHÙN SÍ ÌBÉÈRÈ

Ìwọ ìyá tí o bi wá pé kí ni katapílà ò lè wó, èsì wa nìyí. Àwa ò ní sọ fún ọ pé kí o má sunkún. Ìsọ̀ tí wọ́n wó, owó ni, oúnjẹ ọmọ ni, ẹgbẹ́ á sì máa bá ìjọba ìbílẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n wo ohun tó ṣẹ́ kù sí ọ lọ́wọ́. O mọ ibi tí ẹrù ti ń wá. O mọ oníbàárà tó ń san owó àti èyí tó ń fi ọ̀la tan ni. Àwọn tó ń kó ọjà fún ọ láwìn gbẹ́kẹ̀ lé ọ nítorí pé o kò jẹ wọ́n níyà rí. Ohun tó gba Elias là ní 1966 àti ní 1975 náà nìyẹn: ohun tó mọ̀, àti àwọn tó mọ̀ pé ó mọ̀ ọ́n.

Ohun mẹ́ta la fẹ́ kí ẹ mú kúrò níbi ìwé yìí. Èkíní, ẹ kọ́ nǹkan kún èyí tí ẹ mọ̀, bó bá tilẹ̀ jẹ́ pé alẹ́ nìkan ni àyè wà. Ọdún mẹ́sàn-án ni akọ̀wé Rélùwéè fi ṣiṣẹ́ tó sì ń ka ìwé. Èkejì, ẹ má fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú àṣà wa. Òfin ni, ẹ mọ̀ ọ́n kí wọ́n má baà fi rẹ́ yín jẹ níbi ilẹ̀. Ẹ̀kẹta, bí ẹ bá wà nípò, ẹ bọ̀wọ̀ fún ìdájọ́ kódà bí kò tilẹ̀ dùn mọ́ yín, torí ọjọ́ mìíràn ń bọ̀ tí ẹ̀yin náà máa nílò rẹ̀.

Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká pàdánù ohun tó wà lọ́wọ́ wa, kó sì fi kún ohun tó wà lórí wa. Ajé á wọlé dè wá o. Ó tún dìgbà kan ná.

Àwa tí ẹ fi ṣe akọ̀wé yín.